Ìhà Mẹ́rìnlélógún

Màmá Fáníìṣì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Òun ni obìnrin tó ń kun igi nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n má bi òun ní ìbéèrè kankan, ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ilé kan wà tí wọ́n ti ń ṣe áńpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà ló ń ṣe inú rẹ̀. Méjìlá ló máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ṣe wọ́n tán, yóò jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa fi etí tún wọn ṣe, bí ìyá tó gbọ́ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láti yàrá kejì tó sì ti mọ irú ikọ́ tó jẹ́. Etí yẹn ni gbogbo ilé ń jẹ. Òun, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ẹrù lọ fún oníbàárà, ìyàwó àbúrò náà, títí dórí Màmá Fáníìṣì, etí ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn ló ń bọ́ wọn.

Ìyàwó Ẹnjiníà ló ń ṣe àpótí tí ẹ̀rọ náà ń gbé inú rẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe é. Pákó dúdú, igun mẹ́rin, síkúrù mẹ́rin, ihò atẹ́gùn lórí, ó parí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé ojú kò lè rí ibi tí pákó kan ti pàdé èkejì. Kò sí ẹni tó ń bi oníbàárà bóyá pupa ló fẹ́ tàbí funfun. Ohun tó bá ṣe ni wọ́n ń gbé lọ.

Nígbà tí àbúrò Ẹnjiníà gbé ìyàwó wálé, ìyàwó Ẹnjiníà di Ìyálé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn fún oṣù mẹ́ta.

Ìyàwó tuntun náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó, mọ kọ̀ǹpútà lò. Ó ya férémù irin kan tó ní ihò gbọọrọ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Pákó ìhà ló ń wọ inú ihò náà, ó ń wọlé bí dúrọ́ọ̀ ṣe ń wọ inú tábìlì, láìsí síkúrù, láìsí gúlúù. Oníbàárà lè mú igi tó wù ú, ó lè mú awọ, ó lè ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọkọ̀ òun. Tó bá sú u lẹ́yìn ọdún kan, yóò fa á yọ, yóò ra òmíràn. Ó tiẹ̀ lè ní kí wọ́n fín orúkọ òun sí iwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè. Ìhà tí wọ́n bá gé fún ọ̀kan bá gbogbo ìyókù mu. Ohun tí Ìyàwó fi ń yangàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, olórí ẹgbẹ́ akọrin kan wá. Ó jókòó ti tábìlì Ìyàwó, ó ń ti pákó bọ inú férémù, ó ń fà á yọ, ó ń ti òmíràn bọ̀ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó rí àpótí dúdú kan lórí pẹpẹ, ó sì kọjú sí Ìyálé.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe èyí tó dà bíi pósí ológbò yìí?"

Ìyálé náà rẹ́rìn-ín, nítorí oníbàárà ni. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kọ́ ló dùn ún. Ẹ̀rín tó gbọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀, ó ń to pákó rẹ̀. Àánú tí Ìyálé rí lójú rẹ̀ nígbà yẹn ló burú jù.

Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, Ẹnjiníà sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Nínú ilé yẹn, tí àpótí àkọ́kọ́ nínú méjìlá bá ti parí, ẹni tó ṣe àpótí ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n á fi ohùn tó wúwo sínú ẹ̀rọ náà, alápòótí á kúnlẹ̀, á fi etí lé pákó ìhà òsì, á máa wá ibi tí igi bá ti ń gbọ̀n. Ìyálé ló ń ṣe é láti ọdún mẹ́rìndínlógún yìí wá. Ẹnjiníà ní láti àsìkò yìí lọ, kí Ìyàwó máa gbọ́ ọ, nítorí àpótí rẹ̀ ni.

Ìyálé ní kò burú. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ìyẹ̀fun pákó tó wà nílẹ̀, ó sì gbá ibi tí kò sí ìyẹ̀fun pẹ̀lú.

*

Obìnrin tó ń ta gúlúù fún wọn ti dárúkọ ọkùnrin kan fún un rí. Ó rọra sọ ọ́ ni, ó sì ń wo ẹ̀yìn bó ṣe ń sọ ọ́. Aláago ni wọ́n ń pè é, nítorí aago ló ń tún ṣe. Yàrá rẹ̀ wà lókè ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni Ìyálé gun àtẹ̀gùn náà. Ooru áyọ́ọ̀nù ń bá a gòkè láti ìsàlẹ̀, ó ń wọ abẹ́ aṣọ rẹ̀ bí ọwọ́ ènìyàn.

Aago kún ara ògiri. Gbogbo wọn ló ń rìn, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu. Ọkùnrin náà jókòó sáàárín wọn, ó fi awò kékeré kan sójú kan, kò gbé orí sókè. Kò béèrè orúkọ rẹ̀.

Ìyálé ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé: kí oníbàárà máa sá fún obìnrin náà, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú, kí iṣẹ́ padà sọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aláago bi í pé kí ló fẹ́ kó kúrò lára obìnrin náà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Etí rẹ̀ ni."

Gbogbo aago inú yàrá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ń rìn. Ìyálé kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, tàbí àyà òun tó ń já ló dí òun létí.

Aláago bu ẹ̀tù dúdú kan sínú bébà, ó ká a pọ̀. Ó ní kí ó fi í sínú igi tí ẹni náà máa fi etí tì, kí ó sì dí i. Látìgbà tó bá ti dí i títí yóò fi jáde kúrò níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyálé béèrè bóyá kí òun pe orúkọ obìnrin náà sí i. Ọkùnrin náà mi orí.

"Ohun tí mo fún ọ yìí ò mọ orúkọ, ò mọ ojú. Etí àkọ́kọ́ tó bá fara tì í ló máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, igi lásán ni. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ìyálé ní òun gbọ́. Nígbà tó béèrè ohun tí òun máa san, ọkùnrin náà ti tún tẹrí ba sórí aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà mọ bó ṣe ń gba tirẹ̀.

*

Ní ọ̀sán yẹn kan náà, Ìyàwó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ya ihò atẹ́gùn tó máa wà lórí àpótí. Ó rí i tí èèrà ń tò jáde lábẹ́ ibi tí wọ́n ń to pákó sí. Wọ́n gbé ẹyin wọn lórí, wọ́n ń lọ síta, bẹ́ẹ̀ òjò kò ṣú. Pẹ́ńsù tó fi há etí já bọ́. Ó mú un, ó fi há a padà, ó tún já bọ́. Lẹ́yìn ìgbà kẹta ó fi í sílẹ̀.

Ó bi Màmá Fáníìṣì bóyá ó gbọ́ nǹkan kan.

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Bíi pé ẹnì kan ń mí nínú sípíkà yẹn."

Àwọn méjèèjì wo sípíkà náà. Wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀, wọn ò tíì kì í bọ iná. Màmá Fáníìṣì da aṣọ bò ó, ó ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ ọ.

Ìyàwó kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, obìnrin alágbàfọ̀ tó mọ ju aṣọ fífọ̀ lọ. Ó pè é lórí fóònù. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin, kò bi í nípa èèrà, kò bi í nípa sípíkà.

"Ta ló ń jowú rẹ?"

Ìyàwó ní kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí ó wá rí òun lọ́la, kí ẹni tí kò sí náà tó parí ohun tó ń ṣe.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìyàwó lọ. Ọ̀sán yẹn náà ni Ìyálé ń dúró dè.

Ẹnjiníà ti sùn lórí àga bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Màmá Fáníìṣì lọ ra búrọ́ọ̀ṣì. Férémù méjìlá wà lórí tábìlì gígùn, olórí akọrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ra gbogbo wọn. Orúkọ tí wọ́n fín sí iwájú wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n igi kan náà ni wọ́n jọ mú fún ìhà. Láti ara ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti la pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Ìyálé fa ìhà òsì ti àpótí kìn-ín-ní yọ. Ó fi dírìlì tó tín-ín-rín lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò tí kò ju kí koríko wọ̀ ọ́ lọ. Ó da ẹ̀tù náà sí i. Ó gbẹ́ èdídí kan láti ara àjẹkù igi kan náà, ó yí i títí ìlà ara rẹ̀ fi bá ìlà ara pákó mu, ó kàn án wọlé. Ó fi sáńpépà tó fẹ́lẹ́ jù lọ pa á. Ó fi ìka pa á. Ó pa ojú dé, ó tún fi ìka pa á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn, tí a bá máa sọ òótọ́. Láti bí ọdún kan, ìyẹn ni iṣẹ́ tó mọ́ jù tí ẹnikẹ́ni ṣe nínú ilé yẹn, kò sì sí ẹni tó lè fi hàn. Ó dà bíi kó jí ọkọ rẹ̀ kó ní, wò ó, wo ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti pákó náà bọ àyè rẹ̀, ó jáde lọ dúró níwájú ìta, ẹnu rẹ̀ sì gbẹ bíi pé òun ló gbé ẹ̀tù náà mì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá Fáníìṣì kun gbogbo ìhà ní fáníìṣì. Ó gbé ti àpótí kìn-ín-ní sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní pákó tó jọ̀lọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí lójoojúmọ́.

Ìyálé ní bẹ́ẹ̀ ni.

*

Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìyàwó kò fún un ní nǹkan tó pọ̀. Ìgò omi kan ni, omi tó rí bí omi lásán. Ó ní kí ó fi nu gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kàn lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì dà wọ́n rú, kí ohunkóhun má sùn síbi tí wọ́n fi sí. Títí ẹrù náà yóò fi jáde nílé, kò gbọ́dọ̀ fi etí kan ohunkóhun. Tó bá rí ohun tí kò yé e, kó má yà á sọ́tọ̀, kó má sì sọ ọ́ síta.

"Ẹni tó gbé e wá máa wá gbé e," obìnrin náà sọ fún un. "Ìwọ ṣáà má wà lọ́nà."

Ní ọjọ́rú, nígbà tí fáníìṣì ti gbẹ dáadáa, Ìyàwó fa pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún yọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù wọ́n. Lára gbogbo wọn, omi náà ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kó ṣàn lára fáníìṣì. Lára ọ̀kan, kò ṣàn. Ó wọ inú igi náà lọ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Ara Ìyàwó tutù. Ó gbé pákó náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dà á pọ̀ mọ́ ìyókù, ó rú gbogbo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà láti gbàgbé. Nígbà tó tò wọ́n padà, ó rí ibi tó bọ́ sí. Àpótí kọkànlá, ìhà ọ̀tún.

*

Ìyálé wọlé bó ṣe ń to àwọn tó kẹ́yìn.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ní eruku ló pọ̀ lára wọn, òun ní kí òun nù wọ́n, wọ́n sì ti dàrú mọ́ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà, gbogbo wọn ló bá ara wọn mu.

"Ṣé kì í ṣe ìdí tí mo fi ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn, Ìyálé mi? Èyíkéyìí lè gbé ibikíbi."

Wọ́n wo ara wọn. Màmá Fáníìṣì sọ fún mi pé láti ẹ̀yìn agolo fáníìṣì tí òun wà, òun mọ̀ ọ́n lára pé àwọn obìnrin méjèèjì yìí ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, àti pé òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ìyálé rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, tí Ìyàwó bá ti gbọ́ èyíkéyìí, ó ti gbọ́ gbogbo wọn. Nígbà náà ni Ìyàwó sọ ọ́, kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó ní etí ń dun òun láti àná. Òun ti sọ fún Bọ̀dá Ẹnjiníà. Bọ̀dá ní kí òun má yọ ara òun lẹ́nu, pé nítorí férémù tuntun ni, òun fúnra òun máa gbọ́ méjèèjìlá lọ́jọ́ Ẹtì, ìhà òsì àti ìhà ọ̀tún.

Ìyálé di tábìlì mú.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá páropáro, ó gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó fa pákó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ wọn lójú oòrùn. Ó fi èékánná tọ́ wọn. Ó fi ahọ́n tọ́ wọn. Pákó mẹ́rìnlélógún, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, ó wò wọ́n títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Ẹni tó dí ihò yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò fi ojú ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ara rẹ̀.

*

Ó sáré gun àtẹ̀gùn Aláago lọ́jọ́bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo aago inú yàrá bá ara wọn mu, wọ́n ń dún papọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń bọ̀.

Ó ní kí ó sọ nǹkan náà di asán. Aláago ní òun lè ṣe é, kó gbé pákó náà wá. Ìyálé ní òun ò mọ èyí tó jẹ́. Ó bi í bóyá kí òun dáná sun gbogbo wọn. Ọkùnrin náà ní èéfín kì í yan etí tó máa wọ̀. Ó bi í bóyá kí òun jẹ́ kí wọ́n tà wọ́n bẹ́ẹ̀. Aláago ní nǹkan náà kì í bàjẹ́, yóò bá ẹni tó bá rà á lọ sílé, yóò sì dúró de ọmọ ẹni náà tó bá fẹ́ràn láti fara ti ẹ̀rọ gbọ́ orin.

Ìyálé kúnlẹ̀. Aláago yọ awò kúrò lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èkejì, síbẹ̀ kò lè wò ó.

"Mo ti sọ fún ọ pé etí àkọ́kọ́ ni," ó ní. "Tèmi tán o. Ìyókù, ìwọ ló mọ etí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé yín."

Ó padà sílé, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀dù inú áńpù tó ń jó wáyà mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gbọ́ àwọn àpótí náà. Ó ní igi náà kò dára, ó ní òun lá àlá, ó ní kí wọ́n fi àpótí dúdú òun kó méjèèjìlá lọ, òun á ṣe wọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òun ò ní sùn. Ẹnjiníà gbọ́ ọ dópin. Ó gbé irin gbígbóná náà sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀ pé o ń jowú ọmọ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí."

Òótọ́ ni.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ìyálé ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó tan àpótí kìn-ín-ní. Ó fi ohùn tó wúwo náà sí i, ó kúnlẹ̀, ó fi etí lé ìhà òsì.

Kò sí nǹkan kan. Ohùn náà ń bọ̀ láti inú igi, ó rọra ń gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yí sí ìhà ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan. Ó tan èkejì.

Kó tó fi etí lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan tó wà lẹ́yìn òde: ọkọ̀ tó ń kọjá, omi ẹ̀rọ tó ń kán sínú bókẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan tó ń pe ẹnì kan. Ó ń kó wọn jọ bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ohun kan sì wà tó ń dùn ún lábẹ́ ìbẹ̀rù rẹ̀. Ó ń wá ibi tí igi ti ń gbọ̀n, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, kò sì rí i. Àpótí náà dára. Ó dára ju tirẹ̀ lọ.

Ìdí ìkẹsàn-án ló wà nígbà tí Ìyàwó wọlé. Òun náà tètè dé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó rí Ìyálé lórí eékún, ó dúró gbagidi. Ìyálé kò gbé orí kúrò lára pákó. Ó parí ìkẹsàn-án, ó parí ìkẹwàá. Ó gbọ́ ìhà òsì ti ìkọkànlá. Ó ti fẹ́ yí sí ìhà ọ̀tún.

"Ìyálé mi, ẹ dúró."

Ó dúró.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi gbọ́ ìyẹn."

Omijé ti ń bọ́ lójú Ìyàwó. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́rú, òun ni òun tò ó síbẹ̀, òun sì dákẹ́. Ó ní òun rò pé òun lè dákẹ́ títí. Etí Bọ̀dá Ẹnjiníà kò gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Kí Ìyálé dìde, kí òun kúnlẹ̀.

Ìyálé wò ó. Ó rí gbogbo bí yóò ṣe rí. Ó rí ọkọ rẹ̀ tí yóò gbọ́ pé ọmọ yìí ló fi etí rẹ̀ ra etí òun. Yóò máa jókòó tì í, yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà fún un, yóò máa fi ọwọ́ rọra kàn án léjìká kó tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Títí ayé wọn, tó bá gbọ́ ohun tó dára, ojú Ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ wò. Àpótí ti di tirẹ̀. Ṣé èyí náà tún máa di tirẹ̀ ni?

"Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ balẹ̀, "ọkọ mi ni."

Ó fi etí lé e.

Ohùn náà wọlé, ó jinlẹ̀, ó mọ́, kò sí ibi tó ń gbọ̀n. Ó gbọ́ igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dà bíi pé ẹnì kan rọra ti ilẹ̀kùn.

*

Ẹnjiníà àti Màmá Fáníìṣì jọ dé ni. Wọ́n bá Ìyálé tó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, wọ́n bá Ìyàwó tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnjiníà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ojú. Ó mi orí, ó rò pé wọ́n ti tún bá ara wọn jà, ó sì kúnlẹ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyálé ń wò ó. Ó wò ó bó ṣe gbọ́ èkíní, bó ṣe gbọ́ ìkọkànlá ní òsì àti ní ọ̀tún, bó ṣe gbọ́ ìkejìlá. Ó rí i tó yọ awò ojú rẹ̀. Ó rí i tó ń sọ̀rọ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn, tó kọ́kọ́ yíjú sí Ìyàwó, lẹ́yìn náà tó yíjú sí òun. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ìyálé mi orí sí i bí ẹni pé ó gbọ́.

Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó wé ìborùn rẹ̀, ó jáde.

Ìgbà tó dé ìta ni Ìyàwó sọ fún Ẹnjiníà pé etí Ìyálé ti lọ. Màmá Fáníìṣì ní ọ̀rọ̀ náà kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, Ẹnjiníà kò tíì gbọ́ ọ tán tó fi sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó kọ́kọ́ pè é: Ìyálé mi. Ó tún pè é, ó pariwo rẹ̀. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì gbé ojú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ pè é. Kò pè é ní ìyàwó mi. Ó pè é ní orúkọ tó máa ń pè é nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń gbé yàrá kan, tí kò sí áńpù, tí kò sí àpótí. Màmá Fáníìṣì kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láti ọdún tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó pè é láàárín títì, ohùn rẹ̀ sì là, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Obìnrin náà ti dé ìkángun òpópónà. Ó fi ọwọ́ kan di ìborùn rẹ̀ mú, ó ń lọ ní tirẹ̀, kò wẹ̀yìn.